Ọmọ Tí Ń Gbá Tẹ́níìsì: Ẹ Kọ́ Ọ Bí A Ti Ń Pàdánù

Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ní àwọn ìlú ńlá wa ni ó ti fi rákẹ́ẹ̀tì lé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbé e lọ sí pápá tẹ́níìsì ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, tí ọkàn wọn sì ń sọ fún wọn pé eré yìí ni ọmọ náà yóò fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Èrò rere ni. Eré ìdárayá a máa ṣe ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ní oore. Ṣùgbọ́n àìlera kan wà tí ó máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jà, tí àwọn òbí kì í sì í tètè rí: ìbẹ̀rù pé òun lè pàdánù.

Ẹ wo àmì rẹ̀. Bí ìdíje bá ku ọ̀la, inú á máa run ọmọ, oúnjẹ kò ní wù ú, oorun á dá lójú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á sì máa làágùn. Ẹ má ṣe sọ pé irọ́ ni ó ń pa. Nígbà tí ẹ̀rù bá bani, ara a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí í mú kí ọkàn sáré, ẹ̀jẹ̀ a sì dín kù níbi ikùn, a lọ sí apá àti ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ sá fún ejò. Inú ọmọ náà ń run ún ní tòótọ́.

Kí ni í fa ẹ̀rù yìí? Ìṣirò tí kò péye ni. Ọmọ rò pé ẹni tí ó mọ tẹ́níìsì kì í pàdánù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Roger Federer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ó ní nínú eré 1,526 tí òun gbá gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan sí ẹnì kan, òun borí nínú bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá ka póìǹtì kọ̀ọ̀kan, 54 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni òun jẹ. Ẹ ṣírò èyí tí ó kù! Ọ̀gá àwọn ọ̀gá pàdánù 46. Ọmọ tí ó bá sọ póìǹtì kọ̀ọ̀kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ di ìtìjú, ẹrù 46 ni ó rù sórí kí eré tó parí.

Ẹ rántí Nduka Odizor, ọmọ wa láti Èkó. Ní Wimbledon ọdún 1983, Guillermo Vilas ti na án ní sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti máa kó ẹrù rẹ̀. Odizor gba mẹ́ta tí ó kù, ó sì wọ ìpele kẹrin ìdíje náà.

A lè fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ. Òfin fún agbátẹ́níìsì ní ìṣẹ́jú àáyá 25 láàrin póìǹtì kan àti èkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkàn ti ń bàjẹ́ tàbí tí ń túnṣe. Kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, kí ó wo okùn rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó fi imú mí sínú, kí ó sì rọra mí síta kí ó pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Mímí síta pẹ̀lẹ́ a máa dẹ eré ọkàn. Nígbà tí Rafael Nadal ṣì ń gbá tẹ́níìsì, a máa to ìgò omi rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo. Àwọn kan níbí á ní ońdè ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtimú ọkàn wà létò ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tiyín. Ìgbà púpọ̀, ẹ̀yin gan-an ni ẹ̀rù náà. Bí ọmọ bá wọ mọ́tò lẹ́yìn tí wọ́n ti nà án, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ka iye owó tí ẹ ti ná lé e lórí, kí ni ó fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ bi í léèrè bóyá ebi ń pa á. Ọ̀rọ̀ bí ó ṣe gbá a lè di ọ̀la. Àwọn kan á sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àáké tí ẹnu rẹ̀ kú, alágbẹ̀dẹ lè pọ́n ọn. Ọmọ yín kì í ṣe àáké.

Kí ẹ má sì rò pé bí ó bá ti ń borí, àlàáfíà dé nìyẹn. Naomi Osaka ti Jàpáànì gba US Open ní 2018. Nígbà tí ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú ìdíje ilẹ̀ Faransé ní 2021, ó sọ pé láti 2018 náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá òun fínra. Ashleigh Barty ti Ọsirélíà fi tẹ́níìsì sílẹ̀ ní 2014, ó lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, ó padà ní 2016, ó sì gba Wimbledon ní 2021. Ìsinmi kò ba tirẹ̀ jẹ́.

Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lóru, àní bí ìdíje bá wà. Bí àìsùn, àìjẹun tàbí ìbànújẹ́ bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi rákẹ́ẹ̀tì náà kọ́ ara ògiri ná.