Ẹ Yéé Fún Ọ̀bọ Ní Bísíkíìtì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí èmi náà nínú.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó ni ẹ mọ̀ pé bí iléèwé bá ti gba ọlidé gígùn báyìí, ìsinmi òbí ti tán nìyẹn. "Dádì, níbo la ń lọ?" "Mọ́mì, ọ̀rẹ́ mi ti lọ síbí, ó ti lọ sọ́hùn-ún." Àwọn ọmọ ìwòyí ń pe àsìkò náà ní "sọ́mà", bí ẹni pé oòrùn kan wà níbì kan nínú òjò Èkó! Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú, irú èmi yìí, a kó ọmọ rẹ̀ lọ sétí òkun, tàbí kó kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Lekki Conservation Centre. Ibẹ̀ ni mo kó àwọn ọmọ mi méjì àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lóṣù kẹjọ tó kọjá. Ibẹ̀ náà ni ohun tí mo rí ti mú mi gbé kálámù.

Mo pè é ní ọgbà ẹranko. Àṣìṣe ni, àṣìṣe yẹn gan-an ló sì ń bá wa jà. Ọgbà ẹranko ni ibi tí wọ́n ti ń ti kìnnìún mọ́ inú àgò, tí wọ́n ń bọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́. Ibi tí mò ń wí yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igbó ni. Ní ọdún 1980 ni Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo igbó àti ẹranko ilẹ̀ wa, ìyẹn Nigerian Conservation Foundation. Ní 1990 ni wọ́n dá ibi tí mò ń wí yìí sílẹ̀, hẹ́kítà 78, ó lé ní ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù bí a bá tò wọ́n pọ̀, kí a lè rí nǹkan kan mú kù nínú irà, igbó àti koríko tó kún gbogbo etíkun yẹn tẹ́lẹ̀. (Ọdún 1990 yẹn náà ni ìjọba wó Máròkò, tí wọ́n lé ogunlọ́gọ̀ èèyàn jáde nínú ilé wọn. Ilẹ̀ Lẹ́kí kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣeré.) Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi iyanrìn dí irà tó yí igbó náà ká, tí ilé ńláńlá sì ń hù níbẹ̀ bí olú. Èyí tí ẹ rí yẹn ló ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, àwọn ọ̀bọ tí ẹ ń rí níbẹ̀, ilé wọn ni wọ́n wà. Àwa ni àlejò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àlejò ṣe níṣojú mi.

A kò tíì rìn jìnnà lórí afárá pákó tí wọ́n fi la irà náà kọjá tí a fi bá èrò. Ọkùnrin kan, èèyàn ńlá, ń já páálí bísíkíìtì, ó ń jù ú sí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n tò sórí igi ìfọwọ́lé afárá bí ọmọ iléèwé tó ń retí oúnjẹ ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ ń fi fóònù ya fọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í fún wọn lóúnjẹ." Ọ̀gá wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé owó ẹ ni mo fi rà á ni?" Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, akọ ọ̀bọ kan bọ́ sílẹ̀, ó fò mọ́ ọmọ ọ̀gá yìí, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ, ó já ọ̀rá ṣinṣín gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ sì ha ọmọ náà lápá. Ọmọ figbe ta. Kí ni ọ̀gá ṣe? Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ ọ̀bọ, ó ń pariwo, "Olè! Ẹranko burúkú!" Bàtà kò ba ọ̀bọ. Inú irà ló bọ́ sí, kò sì sí ẹni tó máa bá a bọ́ síbẹ̀ lọ mú un, nítorí ọ̀nì ń gbé inú rẹ̀.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wá. Ta ló kọ́ ọ̀bọ náà lólè?

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fà mí láṣọ. "Dádì, ṣé àwọn ọ̀bọ yìí ò mọ̀ pé èèyàn ni wá ni?"

Ìbéèrè yẹn gbé mi padà sábúlé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àgbàdo bá ti ń gbó, iṣẹ́ tí ìyá mi máa ń yàn fún mi ni pé kí n jókòó sóko kí n máa lé ọ̀bọ. Agolo wàrà kan àti igi kan ni ohun ìjà mi. Kí n tó lu agolo lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti wọgbó lọ. Èmi, ọmọ kékeré tí kò ga ju igi àgbàdo lọ, ni wọ́n ń sá fún bẹ́ẹ̀! Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Òun ló ń dá ẹ̀mí wọn sí. Ọ̀bọ tó bá ń sá fún èèyàn, kò ní wọ ilé ìdáná onílé, kò ní buni jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní torí ẹ̀ gbé ìbọn. Ohun tí a ń fi bísíkíìtì rà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré ńkọ́? Kí lọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lè ṣe?" Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ wá. Bí igba èèyàn bá wá lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọlidé, tí kálukú mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ "kan péré" dání, mélòó ló jẹ́? Ọ̀bọ ibẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona, tó ní àmì funfun méjì nídìí ìrù, Ọlọ́run fi àpò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó lè rọ oúnjẹ kún un kó sì gùn ún sórí igi lọ jẹ. Èso igi, ewé tútù àti kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá jẹ èso níhìn-ín, ó di ọ̀hún kó tó tu kóró rẹ̀ tàbí kó yà á, kóró náà a hù. Bí igbó ṣe ń gbin ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bọ tó bá jókòó sídìí afárá láti àárọ̀ tó ń retí ṣinṣín, ìgbà wo ló máa gbin igi? Ká má tíì sọ ti àìsàn. Òtútù wa lè ràn wọ́n, tiwọn náà lè ràn wá, ọ̀bọ tó bá sì buni jẹ lè kó àrùn dìgbòlugi ranni. Ọmọ ọ̀gá yẹn, mo gbàdúrà pé wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìran ọ̀bọ yìí kò tilẹ̀ ṣe é fojú di. Ó wà ní Grenada títí dòní, lókè òkun lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ayé òwò ẹrú gbé e dé. Ó yè é. Ṣé bísíkíìtì ló máa wá pa á nílé?

Àwọn mìíràn á ní ebi ló ń pa wọ́n, ilé ti yí igbó wọn ká. Òótọ́ ni ti ilé, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó mú wa ṣọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nìyẹn. Ọ̀bọ tí a bá kọ́ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ wà, bí kò bá rí àlejò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, yóò fo ọgbà lọ sílé aládùúgbò. Aládùúgbò kò sanwó gééètì láti wá wo ọ̀bọ ní tiẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣe.

Èyí tó tún ń dùn mí ni gbogbo ohun tí à ń rìn kọjá. Òjò ni gbogbo ẹ̀mí inú irà ń jáde. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń ti ara wọn nítorí fọ́tò, ìgbín ń gun igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀kùn ń rìn lórí pákó, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀gà ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ilé, nítorí àsìkò òjò ni wọ́n ń yé. A rí awọ́nríwọ́n kan tó na ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọba. Àwa mẹ́rin nìkan la dúró wò ó. Àwọn tó kù ń sáré lọ síbi afárá òkè, èyí tí wọ́n so mọ́ra lókè igi ní 2015, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Mo gùn ún, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mi ò ní purọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú mi gbé sípíkà kọ́ èjìká, orin ń dún gbàà, ó sì ń bínú pé òun ò rí ẹranko kankan! Ìwọ tí o gbé páátì wá síyàrá onílé, ṣé o fẹ́ kó jáde wá kí ọ ni?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ṣòro. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọlé. Ẹ di oúnjẹ tó bá kù sínú báàgì, kí ẹ sì pa báàgì dé. Ẹ pa orin. Bí ọmọ tó ń mú yín kiri bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́, òun ló mọ ibẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bi mí pé ta ni mí tí mò ń pàṣẹ, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Fọ́tò kan wà nínú pálọ̀ mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti yà á, nínú irà kan náà. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀bọ kan sì ń mú un. Mo ti fi han àlejò títí. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, ọmọ mi dúró síwájú fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wojú mi, ó sì wọlé lọ sùn.

Mo já a sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.