Ẹ Ka Ọmọ Ọ̀dọ̀ Mọ́ Ọmọ

Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni wọ́n fi ojú dá pé yóò wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Bíi mílíọ̀nù 3 ni ó dé. Àga kò tó, olùkọ́ kò tó. Ẹ̀bi òbí kọ́: ìjọba ti wọ́gi lé ìkànìyàn ọdún 1973, iye ti ọdún 1963 ni wọ́n sì ń lò.

Ó ti tó àádọ́ta ọdún báyìí, ìkànìyàn ọdún 2006 ni a ṣì gbára lé. Ní ọdún 2018, àjọ UBEC kéde pé mílíọ̀nù 13.2 ọmọ ni kò sí ní ilé-ìwé. UNESCO ní ọdún 2022 sọ pé ó tó mílíọ̀nù 20. UNICEF ní ọdún 2024 sọ pé mílíọ̀nù 18.3 ni. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tí oníkálukú fi kà á yàtọ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ó bá ń ka owó rẹ̀ báyìí kò ní pẹ́ pa ìsọ̀ dé.

Karu tí a ń gbé yìí tún ní ìṣòro tirẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ Àbújá, apá kejì wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọmọ lè sùn ní Mararaba kí ó sì kọjá sí Nyanya lọ kàwé. Rẹ́jísítà Àbújá mọ̀ ọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá pa ìwé tì ńkọ́, ìjọba wo ni yóò wá a dé ilé? Rẹ́jísítà kò lè sọ iye ọmọ tí kò wá rárá. Ilé dé ilé ni a fi ń mọ ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè àti UNICEF ti ṣe ní ọdún 2021, tí wọ́n fi rí i pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 57 péré ni a fi orúkọ ìbí wọn sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mú ọmọ wá láti ilé pẹ̀lú ìlérí ilé-ìwé, tí ọmọ náà wá di ẹni tí ń gbé igbá ọjà lẹ́bàá títì. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá bèèrè iye ọmọ tí ń bẹ nílé, a ó ní mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin wà nídìí omi. Kò sí nínú ìwé ilé-ìwé, kò sí nínú ìwé àwọn wẹ́fíà, bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ó múlẹ̀ ní Àbújá, sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún òun náà.

Ẹlòmíràn yóò ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èwo ni ọlọ́mọ níhìn-ín? Ìyá tí ó bí ọmọ yìí wà ní Ṣakí tàbí Ìgànná, kò sì ní bínú bí a bá kà á.

Kí ìjọba Àbújá àti ti Nasarawa jọ ka Karu pọ̀, kí wọ́n bèèrè ibi tí ọmọ ń sùn àti ibi tí ó ti ń kàwé, kí wọ́n sì dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ìbéèrè wọn. Kí iye náà dé ọwọ́ wẹ́fíà àdúgbò, kí ó má kàn jókòó sí ọ́fíìsì ńlá. Ní tiwa, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé kan ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀: orúkọ ọmọ tí a mú wá, ọjọ́ orí rẹ̀, orúkọ òbí rẹ̀, àti ilé-ìwé tí ó ń lọ.