Gìtá kan, ìlú mẹ́ta: ta ló ń jẹ owó olórin lójú ọ̀nà Parakou?

PARAKOU — Olórin tó ń dá kọrin, tí kò kó onílù lẹ́yìn, ló yẹ kí ìrìnàjò rọrùn fún jù. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, ẹnu kan ṣoṣo ló sì ń bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí a fi tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn láti Parakou dé Tchaourou, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tó jókòó ṣírò owó rẹ̀, tó yọ owó ọkọ̀, owó ilé tó sùn àti owó epo kúrò, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tó wọlé. Ó ní kí a má dárúkọ òun, nítorí àwọn tó jẹ òun lówó náà ni yóò tún pe òun lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kì í kọrin náà. Ẹni tó ń ta ọjà ní Arzèkè, ẹni tó ń kó aṣọ gòkè láti Àjàṣẹ́, ẹni tó ń gbé wàgàsì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kútọnu, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Láti Kútọnu dé Parakou lé ní kìlómítà 400. Àwọn Faransé tẹ irin reluwé láti etí òkun dé ibí ní 1936, ibí ló sì parí sí. Wọ́n ti gbèrò pé yóò dé Niger, kò dé ibẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí Parakou fi di ibi tí ẹrù ti ń kúrò nínú reluwé bọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, tí oríṣiríṣi èrò sì fi kóra jọ síbẹ̀: Ìbàrìbá, Dẹ́ńdì, Fúlàní, Hausa, àti àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni olórin ń lọ. Ìlú yìí náà ni ẹgbẹ́ Super Borgou ti Moussa Mama ti jáde, tí wọ́n ń fi gìtá kọ orin Ìbàrìbá ní àwọn ọdún 1970. Ilé iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì kó àwọn orin wọn jọ, ó sì tún gbé wọn jáde ní 2012. Lónìí, reluwé kò kó èrò mọ́. Bọ́ọ̀sì àti táàsì ló kù fún ẹni tó fẹ́ rìn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé olórin wa gòkè, wọ́n ní kí gìtá rẹ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀ láàárín àpò iṣu. Ó kọ̀, ó gbé e lé itan rẹ̀ láti Kútọnu títí dé ibí. Sípíkà kékeré tó gbé dání ni kò rí ààyè fún nínú ọkọ̀. Abẹ́ ló lọ, ó sì fọ́. Owó àtúnṣe rẹ̀ ni owó àkọ́kọ́ tó ná ní Parakou, kí ó tó kọ orin kankan.

Ní Tchaourou, ìlú Ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí Boni Yayi, àgbàlá ilé ọtí kan ló ti ṣeré. Iná lọ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ẹni tó pè é ní jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Àdéhùn wo? Orí fóònù ni wọ́n ti fẹnu sọ gbogbo rẹ̀. Kí àwọn èrò má bàa tú ká, olórin fi owó ara rẹ̀ ra epo.

Epo kpayo ni, èyí tó ń ti Nàìjíríà wọlé. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò pẹ́ tí iye kpayo létí títì wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Abuja ló sọ epo jẹnẹrétọ̀ Tchaourou di ọ̀wọ́n, tó sì sọ owó zém àti owó táàsì di ọ̀wọ́n.

Ìyá kan tó ń ta iyán àti wàgàsì díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá náà bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, alẹ́ tí olórin bá wá, ìkòkò mi á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Bí wọn ò bá wá mọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.” A wo ìkòkò náà. Ó ti gbẹ lóòótọ́.

Ìlú márùn-ún ló wà nínú ètò olórin yìí tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ gòkè dé Malanville, kí ó sì gba orí afárá odò Ọya kọjá sí Gaya ní Niger, níbi tí ó ní àwọn Yorùbá oníṣòwò ti máa ń fi owó gidi pe òun. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niamey ní ọjọ́ 26, oṣù keje, 2023, ECOWAS fi òfin de Niger, wọ́n sì ti ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n gbé òfin náà kúrò ní oṣù kejì 2024, Benin ṣí tirẹ̀. Niger fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní títì. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé gìtá àti sípíkà sínú ọkọ̀ ojú omi? Ní oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso tilẹ̀ jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, sójà Benin 54 ló kú nínú ìkọlù kan ṣoṣo ní ìhà òkè lọ́hùn-ún. Awakọ̀ tó ń lọ sí Kandi kò fẹ́ rìn lóru mọ́. Bẹ́ẹ̀ olórin, alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń parí. Bí kò bá lè padà lóru, yóò san owó ilé ìsùn ọjọ́ kan sí i. Ìlú márùn-ún wá di mẹ́ta.

Àwọn kan máa ń sọ pé, kí ló dé tí kò kọjú sí Nàìjíríà, tí èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ẹ bi àwọn oníṣòwò. Sẹ́fà so mọ́ owó yúrò, kì í mì. Náírà já wálẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọdún kan lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023. Olórin Nàìjíríà tó bá wá sí Parakou gba sẹ́fà, ó fi ayọ̀ padà sílé. Èyí tó ti Parakou lọ sí Ìlọrin gba náírà, ó sì di ọ̀ràn bó bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ.

Àfi kí a sọ òótọ́: olórin ńlá náà kì í bọ́ nínú wàhálà ọ̀nà. Ní oṣù kẹsàn-án 1984, pápákọ̀ òfuurufú Èkó ni wọ́n ti mú Fela Aníkúlápó-Kútì nígbà tó ń lọ ṣeré ní Amẹ́ríkà, nítorí owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, 1986 ló tó jáde. Ní oṣù Kejìlá 2020, Uganda ti Tems àti Omah Lay mọ́lé lẹ́yìn eré ní Kampala, nítorí òfin kòrónà. Tiwọn ní ìjọba Nàìjíríà tó dá sí i, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n lò. Olórin wa kò ní ẹni tí yóò pè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn lójú tiwa, kì í ṣe pé ọ̀nà kórìíra ẹnì kan ju ẹnì kejì.

Ṣábẹ̀ẹ́ ló gbà á là. Ibi ìgbéyàwó ni. Ó kọrin Yorùbá, ó ki ìdílé ìyàwó, àwọn àgbà dìde, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Owó tí wọ́n ná fún un láàárín wákàtí méjì ju owó Parakou àti Tchaourou lápapọ̀ lọ. (Ní Nàìjíríà, òfin 2007 ka níná náírà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n ní oṣù kẹrin 2024. Ẹni tó ń bá wọn ṣe àríyá níbẹ̀, kí ó ṣọ́ra.) Ohun tó kù sí i lápò, owó tí àwọn èèyàn fi tìfẹ́tìfẹ́ ná fún un ni. Àwọn eré tó bá wọn dá owó lé fúnra wọn, gbèsè ni wọ́n dá sí i lọ́rùn.

Nítorí náà, ibi tí àwa rò pé ẹ̀bi pọ̀ sí jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pe olórin. Ìjọba ló lè ṣí ẹnubodè, epo kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Borgou. Ṣùgbọ́n ìdajì owó tí a fi MoMo ránṣẹ́ kí olórin tó kúrò nílé, pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo tó sọ ẹni tí yóò ra epo, kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Oníṣòwò kì í di iṣu sọ́kọ̀ láìgba nǹkan kan sílẹ̀. Danialou Sagbohan, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní odidi ẹgbẹ́ akọrin nínú ènìyàn kan ṣoṣo, kò gba orúkọ yẹn kí àwọn tó pè é lè san owó ìdajì ènìyàn fún un. BUBEDRA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn olórin, wà ní Kútọnu. Olórin wa kò tíì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. A sọ fún un pé kí ó lọ. Ó ní òun yóò lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló wọ ọkọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó tún gbé gìtá lé itan. Títí a fi ń kọ ìròyìn yìí, ẹni tó pè é sí Parakou kò tíì fi ìyókù owó rẹ̀ ránṣẹ́.