Ẹ̀rọ ilé tó ń gbọ́ àṣẹ: Ta gan-an ni ọ̀gá nínú ilé?

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ onílé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe Alexa kó bá wọn tan iná, Alexa ò dáhùn. Àwọn kan fẹ́ fi fóònù wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn wọn, kámẹ́rà Ring ò fi nǹkan kan hàn. Kódà, ibùsùn olówó ńlá kan wà tí owó rẹ̀ lé ní 2,000 dọ́là, tó máa ń mú ara tutù tàbí kó mú un móoru lóru. Àwọn tó rà á pariwo pé kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ooru sì mú àwọn mọ́jú.

Iná ò lọ nílé wọn o. Ẹ̀rọ wọn ò sì bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ Amazon tó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia ló ní ìṣòro. Ibẹ̀ ni ọpọlọ àwọn ẹ̀rọ yẹn wà. Ike àti wáyà ló wà nínú ilé.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yìí lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Lẹ́kkí, ní Bódìjà n'Íbàdàn, títí dé àwọn ilé tuntun lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, kámẹ́rà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù ti wọ́pọ̀. Nígbà míì, àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè máa wo ilé tí wọ́n ń kọ́, tàbí kí wọ́n lè máa ṣọ́ bàbá àti ìyá wọn. Gílóòbù tó ń gbọ́ ohùn, kọ́kọ́rọ́ tó ń lo nọ́ńbà dípò irin, sọ́kẹ́ẹ̀tì téèyàn lè fi fóònù pa láti ọ̀nà jíjìn, gbogbo rẹ̀ ló ti wà lọ́jà. Iye tí wọ́n ń tà á kọ́ ló yẹ kí onílé kọ́kọ́ béèrè. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: bí ẹ̀rọ yìí bá wọlé tán, àṣẹ ta ló máa tẹ̀lé?

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré

Kò dáa kéèyàn kàn máa bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran lè fi ẹnu lásán béèrè aago, kó gbọ́ ìròyìn, kó sì pe ọmọ rẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ò ní láti dìde lóru kó tó paná. Ẹni tó wà lókè òkun lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá sìmẹ́ńtì tí wọ́n ní àwọn rà dé lóòótọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí wọ́n ti bá jẹ owó ilé rẹ̀ rí mọ ìwúlò ojú tí kì í sùn.

Amazon gbé Echo, tí Alexa ń gbé inú rẹ̀, jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2014. Google tẹ̀lé e pẹ̀lú Google Home ní 2016. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ náà á máa dẹ etí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ ọ, á gba ohùn onílé sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ohun tó ń sọ, kí àṣẹ tó padà wá bá gílóòbù. Gbogbo ìrìn àjò yìí máa ń yá débi tó fi ń jọ pé inú ilé lọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ńkọ́?

Àwọn ará Nàìjíríà ò ní gbàgbé ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báǹkì kan, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí ìgbín lọ́pọ̀ ibi. Ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ béèrè lókè òkun kó tó ṣílẹ̀kùn ò lè ṣe dáadáa nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, gbogbo ìlà iná ọba ṣubú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Kódà àwọn tó wà ní Band A, tí owó iná wọn wọ́n jù, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Wákàtí mẹ́rin tó kù ńkọ́? Kámẹ́rà tí kò ní bátìrì á fọ́jú. Bí kámẹ́rà bá tilẹ̀ ní sólà tiẹ̀, bí ẹ̀rọ Wi-Fi tó wà ní pálọ̀ bá ti kú, àwòrán ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Olè sì mọ ìgbà tí iná máa ń lọ ju onílé tó wà ní London lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ti lò ó pẹ́ fi máa ń so kámẹ́rà àti Wi-Fi mọ́ inverter, tí wọ́n sì máa ń ní kọ́kọ́rọ́ onírin nípamọ́.

Bí káfíńtà bá kú, àga rẹ̀ kì í kú

Ẹni tó bá ra àga lọ́wọ́ káfíńtà ti ra àga nìyẹn. Bí káfíńtà bá kó kúrò ládùúgbò, àga ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀rọ ilé ayé òde òní ò rí bẹ́ẹ̀.

Nest, tó jẹ́ ti Google, ra iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Revolv ní 2014. Àwọn èèyàn ti ra ẹ̀rọ Revolv ní nǹkan bíi 300 dọ́là, wọ́n fi ń darí iná àti ilẹ̀kùn ilé wọn. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n ti kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà pa, ẹ̀rọ owó gọbọi sì di ike lásán. Lóṣù Kẹrin ọdún 2022, iléeṣẹ́ Insteon ṣe irú rẹ̀ láì sọ fún àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Google náà yọ ọwọ́ lọ́rọ̀ àwọn ẹ̀rọ Nest àkọ́kọ́ àti ìkejì tó ń darí ooru inú ilé. Èèyàn ṣì lè fi ọwọ́ yí wọn, àmọ́ wọn ò gbọ́ àṣẹ látorí fóònù mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rà á tán. Ọwọ́ iléeṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ìgbà tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n lè mú ọwọ́ kúrò.

Ògiri létí

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìròyìn jáde nípa tọkọtaya kan ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ ló pè wọ́n pé kí wọ́n yáa fa wáyà Alexa wọn yọ, torí òun ti gba ohùn ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ nínú ilé. Amazon gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́: ó rò pé wọ́n pe òun, ó tún rò pé wọ́n ní kí òun fi ohùn ránṣẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó hàn sí gbogbo ayé pé àwọn tó ń bá Amazon, Google àti Apple ṣiṣẹ́ máa ń fi etí ara wọn gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn àwọn oníbàárà, kí ẹ̀rọ lè túbọ̀ já fáfá. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Amazon pé ó ń tọ́jú ohùn àwọn ọmọdé pa mọ́, kódà lẹ́yìn tí òbí ti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Amazon ní òun ò rú òfin, àmọ́ ó gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là. Lórí kámẹ́rà Ring, mílíọ̀nù 5.8 dọ́là ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ẹ̀sùn tibẹ̀ burú jù: FTC ní òṣìṣẹ́ kan ń wo fídíò àwọn obìnrin nínú yàrá àti balùwẹ̀ wọn. Apple náà gbà lóṣù Kìíní ọdún 2025 láti san mílíọ̀nù 95 dọ́là lórí ẹjọ́ Siri, láì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ṣé owó ìtanràn wá mú kí wọ́n dẹwọ́? Láti ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2025, Amazon yọ àyè kan tó wà lára díẹ̀ nínú àwọn Echo, èyí tí onílé lè fi sọ pé kí ohùn òun má kúrò nínú ẹ̀rọ.

Ẹni tí ojú ń wò

Ọ̀rọ̀ ò mọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá nìkan. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, adájọ́ kan nílùú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé àwọn kámẹ́rà tí ọkùnrin kan gbé sára ilé rẹ̀ nítorí olè ti tẹ ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ lójú. Ohun tó ká adájọ́ lára jù ni ohùn, torí ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ibi tó jìnnà.

Ní Nàìjíríà, abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 yọ ohun téèyàn ń lò fún ilé ara rẹ̀ nìkan sílẹ̀, àmọ́ ó ní kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí àṣírí rẹ̀ lójú. Ìyẹn ni pé "ilé mi ni" ò tó gẹ́gẹ́ bí àwáwí.

Ohun tí òfin ò lè sọ tán sì wà nínú ilé. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí àwọn ọmọ gbé kámẹ́rà sí pálọ̀ rẹ̀, lè má mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun bó ṣe ń gbàdúrà, tàbí bó ṣe ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn sí pálọ̀ yẹn, èèyàn lòun náà. Máígáàdì tí ohùn kàn ṣàdédé bú mọ́ látinú kámẹ́rà láàjìn òru, èèyàn ni. Ìfẹ́ ló mú ọmọ gbé e síbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nílé Yorùbá, àlejò kì í já wọlé. Á kọ́kọ́ ké "àgò onílé o", onílé á sì dáhùn kó tó wọlé. Kámẹ́rà kì í kágò. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a ké e.

Èdè wa ńkọ́?

Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ agbọ́hùn iléeṣẹ́ márùn-ún wò: Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft. Nínú ọ̀rọ̀ 100 tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ, ẹ̀rọ ṣi nǹkan bíi 35 gbọ́. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 19. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ o.

Yorùbá ò tilẹ̀ sí lára èdè tí Alexa tàbí Siri ń gbọ́. Èdè tí ọkọ tó fẹ́yàwó, ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì àti ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko fi jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí ohùn nìkan, kì í ṣe ohun tí wọ́n á kàn fi ti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Ní báyìí, màmá tó ni ilé gbọ́dọ̀ bẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó bá òun sọ fún gílóòbù pé kó kú. Onílé wá di àlejò nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

Kí ni onílé lè ṣe?

Àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn àti iná gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ ṣí, kó ṣeé fi ọwọ́ pa, nígbàkúùgbà. Ẹ̀rọ tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á.

Ìkejì, kámẹ́rà tó ní mẹ́mọ́rì káàdì nínú ara rẹ̀ dára ju èyí tí gbogbo àwòrán rẹ̀ wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ lọ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, á ṣì máa ya àwòrán níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ yí password tó bá ẹ̀rọ wá padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e sílé. Kí orúkọ àti ímeèlì onílé wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó wá so ó mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de password tó rọrùn bíi "admin" àti "12345" lára ẹ̀rọ tuntun, ó sì ní kí iléeṣẹ́ sọ iye ìgbà tí wọ́n á fi máa tọ́jú ààbò ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè yẹn yẹ lẹ́nu ìjọba Nàìjíríà náà sí àwọn tó ń kó ẹ̀rọ wọ̀nyí wọlé.

Ìkẹrin, ẹ má gbé etí tàbí ojú sí yàrá àti balùwẹ̀. Bí bọ́tìnnì tó ń pa gbohùngbohùn bá wà, ẹ máa lò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀.

Paríparí rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé mọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ohun tó ń gbọ́, àti ẹni tó ń wò ó. Màmá gbọ́dọ̀ lè sọ pé "ẹ gbé e kúrò níbí", kí wọ́n sì gbé e kúrò. Níbi tíyẹn bá ti ṣeé ṣe, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fún onílé. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, onílé ti gba ọ̀gá kan wọlé, owó ara rẹ̀ ló sì fi rà á.