Ta Ni Yóò Ra Ṣájà Inú Ọkọ̀?



Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n owó oṣù wa ló ń jẹ. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń wa tírélà fún pàṣẹ pé fóònù awakọ̀ kò gbọdọ̀ kú láti Èkó títí dé Kánò. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ibi tí ẹrù wọn dé. Ó dára. Ta ni yóò wá fún fóònù náà ní iná? Wọ́n ní kí kálukú wá tirẹ̀. Mo ra ṣájà lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kí n tó dé Jẹ́bà, ṣájà ti gbóná bí ìdí ìkòkò, ó sì kú. Fóònù náà tẹ̀lé e. Nígbà tí mo padà, wọ́n já owó mi, wọ́n pè é ní owó ìtanràn.

Rewáyà ló là mí lójú. Ó yí ṣájà náà sókè, 12V nìkan ni wọ́n kọ sí i. Fóltì 12 ni iná mọ́tò kékeré, 24 ni ti tírélà àti bọ́ọ̀sì ńlá. Èyí tí wọ́n kọ 12-24V sí ni kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá rà.

Ẹ wo ámpì náà, lẹ́tà A ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Fóltì 5 ni irú ṣájà yìí ń fún fóònù. Bí ámpì bá jẹ́ 1, wáàtì 5 péré nìyẹn. Fóònù tí ojú rẹ̀ ń tàn, tó ń fi ọ̀nà hàn, tó tún ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán, kí bátìrì má rí nǹkan kan. Ẹni tó ń rọ omi sínú agbọ̀n ni. Ámpì 2.4, ìyẹn wáàtì 12, ló yẹ ẹ, pàápàá bí ó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún olójú méjì: nígbà mìíràn 2.4 yẹn jẹ́ àpapọ̀ ojú méjèèjì, ìwọ àti mọ́tò-bọ́ì lẹ ó jọ pín in.

Bí fíúsì bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹni tó fi bébà dídán inú páálí sìgá dí i ń fi iná ṣeré.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé, “Ṣájà lásán! Ẹ jẹ́ ká rà á ká sinmi.” Rárá o. Ṣé àwa la ń ra jáàkì? Ṣé àwa la ń ra táyà? Wọ́n ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Àwa kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó ra ohun tó fi ń ṣọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Owó ìtanràn wá ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, ní abala 5, kò gbà kí ọ̀gá máa já owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó fa àdánù, tàbí tó ṣe àìbìkítà, wọ́n lè yọ ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ta ló ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ní gárèjì wa? Èmi kò rí i. Kàràní tó já owó mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti já owó rẹ̀ nítorí fóònù tó kú, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ẹ mú ṣájà tó jó náà dání. Orí tábìlì ọ̀gá la ó tò wọ́n sí.