Omi Dànù, Agbè Fọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Háítì

 

Bí ọmọdé bá kú láàárín àwọn Yorùbá, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìyá rẹ̀. A ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá ṣì wà, bàbá ṣì wà, omi mìíràn á tún wọ inú agbè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje, ilẹ̀ mì ní Háítì. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi mì. Omi dànù, agbè fọ́. Ìyá wà lábẹ́ àwókù kan, ọmọ wà lábẹ́ òmíràn. Ta ni a ó wá kí kú ọ̀fọ̀?

Iye òkú tí ìjọba Háítì kéde lé ní 200,000. Àwọn olùṣèwádìí kan ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó wó tàbí tí ó bàjẹ́ ju 4,000 lọ. Ní ọdún náà, ó súnmọ́ ìdajì àwọn ará Háítì tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní Háítì ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀fọ̀ ọmọdé ni a ń sọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kó òkú lọ sí Titanyen, níta Port-au-Prince, wọ́n dà wọ́n sínú kòtò. Kò sí orúkọ, kò sí orin, kò sí omi tútù. Max Beauvoir, tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́sìn Vodou nígbà náà, bá ìjọba wí pé báyìí kọ́ ni a ṣe ń sin ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú àṣèṣè mọ ohun tí ó ń sọ. Ní Vodou, a gbọ́dọ̀ tú ẹ̀mí òkú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àti ọjọ́ kan, a ó pè é jáde láti inú omi. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ gbà.

Ará wa ni wọ́n. Ogou ni wọ́n ń pe Ògún níbẹ̀. Ẹ̀ka kan wà nínú Vodou tí ń jẹ́ Nago, orúkọ kan náà tí a fi ń pe àwọn Yorùbá ní Bahia. Wọ́n ń bọ ìbejì, Marasa ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìlú tí ń bọ ọmọdé ni ó pàdánù ọmọdé tó bẹ́ẹ̀.

Òkú kò tíì tán nílẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Ní ọjọ́ kejì, oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, Pat Robertson, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ará Háítì ti bá Sátánì dá májẹ̀mú. Ní São Paulo, aṣojú ìjọba Háítì fúnra rẹ̀, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn òun sílẹ̀, ní òun rò pé macumba ló fà á, àti pé ègún wà lára ọmọ Áfíríkà. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wa. A sì mọ̀ pé nínú ilé tiwa náà, àwọn kan ń bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: níbo ni òrìṣà wà?

Ẹ jẹ́ kí a dáhùn láìbẹ̀rù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile. Agbára rẹ̀ jẹ́ 8.8, ti Háítì jẹ́ 7.0. Àwọn tí ó kú ní Chile fi díẹ̀ lé ní 500. Ṣé ègún ló mọ ìyàtọ̀ láàárín Chile àti Háítì ni? Òfin ilé kíkọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Pétion-Ville, ó pa ènìyàn tí ó ju 90 lọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ilẹ̀ kò mì rárá lọ́jọ́ náà. Iyanrìn pọ̀, sìmẹ́ǹtì kéré, òrùlé wúwo, irin tínrín: ohun tí ń pa ọmọ nìyẹn.

Òṣì náà ní orírun. Ní ọdún 1825, ilẹ̀ Faransé kó ọkọ̀ ogun wá, ó ní kí àwọn tí ó gba ara wọn lóko ẹrú san mílíọ̀nù 150 fáránsì fún àwọn tí ó kó wọn lẹ́rú. Wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù 90 ní 1838, síbẹ̀ gbèsè tí ó tìdí rẹ̀ yọ kò tán títí di 1947. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó lọ.

Òrìṣà kò sọ fún wa pé ilẹ̀ kò ní mì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mì ní 1751 àti 1770. Ṣùgbọ́n Ògún ló ni irin. Ẹni tí ó yọ irin kúrò nínú òpó ilé ẹ̀kọ́ kí owó lè ṣẹ́kù sápò rẹ̀, òun ló ṣẹ Ògún. Ẹ má wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí òpó wó lù.

Kí wá ni kí a ṣe?

Èkínní, kí á sunkún wọn dáadáa. Ní gbogbo ọjọ́ 12 oṣù kìíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé omi tútù kalẹ̀, kí ó tan iná, kí ó sì pe orúkọ. Ẹni tí kò mọ orúkọ kan, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ará Háítì tí ó wà ládùúgbò rẹ̀.

Èkejì, kí á ṣọ́ irú àánú tí à ń ṣe. Kí oṣù tí ilẹ̀ mì náà tó parí, wọ́n mú ará Amẹ́ríkà mẹ́wàá, àwọn ajíhìnrere, tí wọ́n ń kó ọmọ 33 kọjá ààlà láìní ìwé. Òbí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ṣì wà láàyè. Àwa tí wọ́n ti já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá wa rí kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ wo Zilda Arns, dókítà ọmọdé ará Brazil. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, Kátólíìkì ni. Àwọn ìyá ló ń kọ́ ní bí wọn yóò ṣe tọ́jú ọmọ wọn. Iṣẹ́ náà ló bá lọ sí Port-au-Prince, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mì tí ó sì kú. A júbà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọn ará Háítì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń gba Acre wọlé, ìjọba Brazil sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé ìwọ̀lú nítorí àánú ní 2012. Ọmọ wọn wà nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ta ló ń bá wọn lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí èdè Potogí bá ń lé wọn? Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, nígbà tí a bá se caruru fún ìbejì, ọmọ mélòó nínú wọn ló jókòó nídìí àwo wa?

Ìkẹrin, iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2021, ilẹ̀ tún mì ní gúúsù Háítì, ó pa ju 2,200 lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tún wó. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú ìsinmi. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì nìyẹn. A kò lè fi ẹ̀mí ọmọ sílẹ̀ fún oríire ọjọ́ ìsinmi. Bí a bá fẹ́ dáwó, kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Háítì tí ń kọ́ bíríkìlà bí a ti ń di irin mọ́ òpó, kì í ṣe aṣọ àlòkù nìkan.

Kí Ìbejì gba àwọn tí ó lọ mọ́ra. Kí Ògún fún ọwọ́ tí ń kọ́lé lókun. Kí agbè má fọ́ mọ́. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ o.