Ẹ Jìnnà sí Lékeléke Yẹn

Ẹ ti rí fọ́tò béárì funfun tó dá dúró lórí yìnyín, àbí? Ẹranko bíńtín, ilẹ̀ gbalasa. Àwa ará Igando ní tiwa: lékeléke kan ṣoṣo lórí àkìtàn Solous. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn kan á sún mọ́ ọn bíi pé wọ́n fẹ́ bá a jẹun, ẹlòmíì á tún sọ òkúta, kó lè fò fún fídíò. Ẹyẹ tá a bẹ̀ fún èékánná funfun ní kékeré! Oúnjẹ ló ń wá o. Kòkòrò tí ì bá jẹ ti sá lọ.

Ní erékùṣù Svalbard, ní Norway, láti January 2025, òfin ní ká fi mítà 300 jìnnà sí béárì. Láti March dé ìparí June, mítà 500 ni. Lójú tèmi, jíjìnnà yẹn gan-an ló ń mú fọ́tò dùn. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ kéré, kí ìdọ̀tí wa hàn gbangba.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Àárín dúdú àti funfun ni kámẹ́rà máa ń fẹ́ fi gbogbo nǹkan sí. Á sọ yìnyín di aláwọ̀ eérú; lórí àkìtàn tó dúdú, á mú lékeléke funfun báláú débi pé ẹ ò ní rí ìyẹ́ kankan. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹyẹ náà lójú fóònù, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.